Ẹsẹ̀ Harúò Dà?

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Kì í ṣe pé mo fi òwe yìí ṣe ọ̀ṣọ́ sẹ́nu, ẹ̀yin ènìyàn mi. Eérú tí mo gbọ̀n sójú ẹlòmíràn ti tọ̀ mí wálé, ó ti bá mi jókòó lórí ẹní, ó ti kó sí mi lójú méjèèjì. Nítorí náà, kí n tó la ẹnu, mo júbà Ọlọ́run Ọba tó mọ òpin ìtàn kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọba tó ń ka ẹyẹ orí igi tí kì í ṣì wọ́n kà, má jẹ́ kí ahọ́n mi yà kúrò lójú ọ̀nà. Má jẹ́ kí n tún fi ewé bo ihò. Ẹ ṣe àmín, kí ẹ má kàn máa wo ẹnu mi bí ẹni ń wo ìkòkò ẹran. N ó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá níwájú ilé mi, pẹ̀lú ohun tí àwọn tó jókòó tì mí sọ.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé Àlàó, ará Òkè-Apó. Ọmọ a-rìn-lórí-ewé-gbígbẹ-kó-má-dún, ọmọ a-gbọ́-ìrònú-ẹtu-láti-òdìkejì-odò, ọmọ ẹni tí ejò ń yà fún lọ́nà tó sì tún ń bi í pé ṣé àlàáfíà ló wà. Ẹni tó bá ní òun kò mọ̀ mí, kó lọ bi ẹfọ̀n Odò Ọ̀ṣẹ́pa léèrè. Ẹfọ̀n náà kò ní lè dáhùn, nítorí ìrù rẹ̀ ló rọ̀ lókè ilẹ̀kùn mi láti ọdún mọ́kànlá wá. Bí mo bá ń kọjá lójú pópó, ìrù yẹn ni wọ́n ń kí, kì í ṣe èmi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọ ẹgbẹ́ ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n la òfin wa kan yé yín. Ní Òkè-Apó, ọdẹ kì í kàn ròyìn kó sì wọlé lọ jẹun. Bó bá ti ń sọ bó ṣe rìn, gbogbo ẹni tó jókòó ló láṣẹ lórí ẹnu rẹ̀. Bí ìtàn rẹ̀ bá fò, bó bá wà nídìí ọ̀pẹ tí a tún gbọ́ pé ó ti wà lórí òkúta, tí kò sì sọ bó ṣe gun òkè, ẹnikẹ́ni lè ké pé, “Ẹsẹ̀ dà?” Ọdẹ náà yóò dúró síbẹ̀, yóò fi ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wá, yóò sọ ohun tó wà láàárín. Bí kò bá rí i sọ, ẹran náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, ìrù rẹ̀ yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹran tí a kò rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹran olè ni.

Ẹni mẹ́ta ni mo dìídì ránṣẹ́ pè lọ́jọ́ náà. Èkínní ni Baba Adéògún, Olúọ́dẹ wa, arúgbó tí eyín mẹ́rin péré kù sí lẹ́nu tó ṣì ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́ eegun. Èkejì ni Lásúnkànmí, àbúrò ìyàwó mi, tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, ẹlẹ́nu bí abẹ. Ẹ̀kẹta ni Ìyá Akínbọ̀dé. Akínbọ̀dé ọmọ rẹ̀ ló bá mi wọ igbó lọ́jọ́ ẹfọ̀n. Nígbà tí mo padà, mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ gba inú igbó bọ́ sí ọ̀nà Kútọnu lọ wá ajé. Láti ìgbà náà, ọjọ́ ọjà kan kì í kọjá kí ìyá yìí má dúró ní gáréèjì, kó máa bi àwọn awakọ̀ Kútọnu pé ṣé wọn kò rí ọmọ dúdú kan tó ń fi apá kan ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gbé àga tó ní ẹ̀yìn fún un. Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, kí lo fẹ́ fi mí ṣe nídìí ìtàn ọdẹ?” Mo ní, “Ìyá, ẹ jókòó. Ó kàn yín.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní àárín òjò tó kọjá yìí, kùkùté gún mi lẹ́sẹ̀, mo sì di ẹni tí wọ́n ń gbé jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Lásúnkànmí bí ẹrù tí olówó rẹ̀ kò tíì wá gbé. Ó ní àpótí kékeré kan tó so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, géèmù àtijọ́ tí àwọn ará Jàpáánì ṣe. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù o. Ìtàn ló wà nínú rẹ̀. Ẹ óò máa darí jagunjagun kan láti abúlé rẹ̀, yóò máa rin igbó, yóò máa pa ẹranko, yóò máa wá ọba burúkú kan tó fẹ́ pa ayé rẹ́. Lásúnkànmí ń ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde, ó ń tú u sí Yorùbá fún mi. Fún ọjọ́ méjì, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Wọ́n ní ìràwọ̀ pupa kan ń já bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló kù tí yóò fọ́ ayé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Lásúnkànmí fi ń gun ẹyẹ sáré ìje, tó ń fi ìwọ̀ pẹja, ìràwọ̀ náà sì dúró sójú kan lójú ọ̀run bí àlejò tó ń retí kí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ìràwọ̀ wo ló ń dúró de apẹja? Wọ́n tún ní ìyẹ́ ẹyẹ iná kan wà. Bí wọ́n bá fi kan òkú lára, òkú á jí. Ogún ìgbà ni ọmọbìnrin tó ń bá jagunjagun náà rìn kú, ogún ìgbà ni ìyẹ́ jí i. Ọjọ́ kan ni ọ̀tá fi ọ̀bẹ gún un lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo wọn bá ń sunkún, wọ́n ní ó ti lọ nìyẹn. Mo pariwo, mo ní, “Ìyẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà nínú àpò yín! Ẹsẹ̀ dà?” Lásúnkànmí ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, ẹ má fọ́ tẹlifíṣọ̀n oníbàárà.”

Gbogbo ìyẹn, mo lè gbé e mì. Èyí tó há mi lọ́fun ni ìyá kan. Ní abúlé àkọ́kọ́, ìyá arúgbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí jagunjagun bá kí i, yóò ní, “Ọmọ mi Harúò wọ igbó lọ nígbà ìkórè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a.” Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nìyẹn. A wá Harúò títí. A wọ gbogbo ihò, a gun gbogbo òkè, a wo abẹ́ omi. Harúò kò sí. Ọba burúkú kú, ìràwọ̀ kú, àwọn igi ń jó ijó ayọ̀, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. Mo ní kí Lásúnkànmí padà sí abúlé yẹn. Ìyá náà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ọmọ mi Harúò wọ igbó lọ nígbà ìkórè.” Ẹni tó pa ìtàn náà ti gbàgbé! Ó fún obìnrin lọ́mọ, ó rán ọmọ náà wọ igbó, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, mo ní, “Bí mo bá rí ẹni tó pa ìtàn yìí, èmi Ọdẹ́rìndé yóò bá a jà, yóò sì mú ọmọ ọlọ́mọ jáde!” Lásúnkànmí ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, géèmù ni.” Mo ní, “Géèmù ni, àmọ́ ìyá ni.”

Ẹnu mi ló fà mí lọ. Ọjọ́ kẹta tí ẹsẹ̀ mi jinná, mo gbé ìbọn gba ẹ̀yìn Òkè-Apó, oòrùn ti wà lókè. Mo rí ẹtu funfun kan láàárín òkúta méjì. Bí mo ṣe gbé ìbọn sójú, ẹtu náà yíjú padà, ó ní, “Ẹni tó ní òun fẹ́ jà, wọ́n ní kó máa bọ̀.” Ó wọ àárín òkúta. Ọdẹ tí ẹran bá pè síjà tí kò tẹ̀ lé e, kó lọ máa ta aṣọ. Mo tẹ̀ lé e.

Ibi tí mo bọ́ sí, ẹ̀yin ènìyàn, igbó ni, kì í sì í ṣe igbó. Igi mẹ́rin péré ni wọ́n dá, wọ́n wá tò wọ́n lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Mo ṣẹ́ ewé sọ́nà bí ọdẹ ṣe ń ṣe, kí n má baà sọnù. Bí mo bá rìn síwájú tí mo padà, ewé tí mo ṣẹ́ ti so mọ́ igi rẹ̀. Mo pa ìmàdò kan, ìmàdò tí irun rẹ̀ ń jó bí iná. N kò tíì rin ogún ẹsẹ̀ tí òun kan náà tún fi jáde, tó ń kọjú sí mi bí ẹni pé a kò ríra rí. Mo pa á lẹ́ẹ̀meje! Lẹ́ẹ̀keje, mo bú u, mo ní, “Ìwọ ìmàdò aláìnítìjú, ilẹ̀ tí ẹran ń jí tí ọmọ ènìyàn kò lè jí, ilẹ̀ wo nìyí?” Bí mo ṣe sọ ìyẹn lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, Lásúnkànmí ké pé, “Ẹsẹ̀ dà? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tù inú ìbọn yín ha tó ìgbà méje?” Mo ní, “Àna mi, ní ilẹ̀ yẹn, bí o bá pa ẹran, ẹ̀tù, owó àti ewé egbòogi ló ń bọ́ láti ikùn rẹ̀. Má bi mí ibi tí ìmàdò ti ń náwó.” Baba Olúọ́dẹ rẹ́rìn-ín títí eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi fara hàn.

Mo dé abúlé kan. Aṣọ́bodè ní, “Ẹ káàbọ̀ sí abúlé wa.” Mo ní, “Ẹ kú ilé. Ẹ̀yin, ṣé ẹ mọ Harúò?” Ó ní, “Ẹ káàbọ̀ sí abúlé wa.” Mo ní, “Iná ń jó lẹ́yìn rẹ.” Ó ní, “Ẹ káàbọ̀ sí abúlé wa.” Mo fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo wọ ilé kan, baálé ilé jókòó. Láti dán an wò, mo ṣí àpótí rẹ̀, mo kó egbòogi rẹ̀ sápò, mo fọ́ ìkòkò rẹ̀ méjì. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní, “Ojú ọjọ́ dára lónìí.” Mo dá gbogbo rẹ̀ padà pẹ̀lú ìtìjú, nítorí bí wọn kò bá tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń jà wọ́n lólè, Ẹlẹ́dàá mi mọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹyìn ni mo rí i: Ìyá Harúò fúnra rẹ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n, kò tóbi ju èékánná lọ. Níbẹ̀, mo rí ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe fi di òpó ilẹ̀kùn mú, tí ọwọ́ náà sì ti jẹ òpó náà wọnú. Ó ní, “Ọmọ mi Harúò wọ igbó lọ nígbà ìkórè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a.” Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo fi ẹnu kan ojú irin ìbọn mi, mo ní, “Ìyá, n ó mú un wá, tàbí kí n mú ìròyìn rẹ̀ wá.”

Bí mo ṣe jáde ni akọni kan dá mi lọ́nà, Olójú-Iná lorúkọ rẹ̀, ó ga tó igi àgbọn, idà rẹ̀ ń hó. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàtàrí la fi jà. Ìbọn mẹ́tàdínlógún ni mo yìn fún un, ó ń gbọn wọ́n nù bí ẹni gbọn kòkòrò, èyí tó tàsé sì fọ́ òkè kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, ó kúnlẹ̀, ó ní ọba burúkú ló tan òun, láti òní òun di ẹni mi. Inú mi dùn, mo ní mo ti ní alágbára lẹ́yìn. A kò tíì rìn jìnnà tí èkúté kan fi jáde, tó fi orí kan ọmọ ọkùnrin yìí lórúnkún, akọni mi sì nà gbalaja sílẹ̀. Mo ní, “Olójú-Iná! Kí ló dé?” Ó ní, “Ọ̀gá, ìgbà tí mo jẹ́ ọ̀tá ni mo lágbára. Bí mo ti di ọ̀rẹ́, ẹni tó ń sọ ìtàn ti gbà á lọ́wọ́ mi.” Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ na èkúté náà àti òun pọ̀. Ó wá ní, “Mo mọ ilé ẹni tó ń sọ ìtàn. N ó mú ọ débẹ̀, bí o bá ṣèlérí pé wàá bá mi béèrè agbára mi.” Mo ṣèlérí. Ẹ fi ìlérí yẹn sọ́kàn.

Ọ̀nà ilé náà ní ọgbà igi kan tí kò ga ju orúnkún lọ. Ẹ̀dá kan tó ní ojú mẹ́fà tí kò ní imú dúró tì í, Ìdènà ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá láìní kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí òkè méje. Mo ní, “Bàbá, ìbọn yìí ni mo fi fọ́ òkè kan. Pákó yìí ni yóò dá mi dúró?” Ó ní, “Òkè kọ́ ni mò ń ṣọ́, pákó ni. Àmọ́ bí o bá já àlọ́ mi, n ó wo ibòmíràn. Kí ló mọ níwọ̀n orúnkún, tí akọni ayé kò lè fò?” Mo ní, “Ọgbà ìtìjú yín yìí ni.” Ó ní, “Kí ló ń jí òkú lójoojúmọ́, tó sì kùnà lórí òkú kan ṣoṣo?” Mo ní, “Ìyẹ́ ẹyẹ iná. Béèrè èyí tó le.” Ó di ojú mẹ́ta, ó la mẹ́ta, ó ní, “Méjì wọ igbó, ọ̀kan jáde, ará ilé ń pàtẹ́wọ́. Kí ni o?” Mo la ẹnu láti dáhùn, ẹnu náà gbẹ. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà, tàbí kí n sọ pé n kò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo bú u, mo ní kò mọ àlọ́ pa, mo gbé ẹsẹ̀, mo fo ọgbà náà kọjá. Ìdènà fi ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sunkún. Ó ní, “Kò sí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ rí.” Olójú-Iná kò lè fò ó, ó ní òfin di òun lẹ́sẹ̀ mú, òun yóò dúró dè mí níbẹ̀.

Ilé ẹni tó ń sọ ìtàn dára níwájú, wọ́n kùn ún, wọ́n fi òdòdó sí i. Mo gba ẹ̀yìn wò ó: kò ní ẹ̀yìn. Ògiri kan ṣoṣo tó dúró ni. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jókòó sí, awò ojú rẹ̀ nípọn, tábìlì rẹ̀ kún fún ìwé, tíì rẹ̀ ti tutù sínú ife. Èdè tí gbogbo òpìtàn gbọ́ la fi sọ̀rọ̀. Mo na ìbọn sí i, mo ní, “Ìwọ lo pa ìtàn yìí?” Ó dìde, ó tẹrí ba, ó ní, “Àwa mẹ́sàn-án ni. Àwọn yòókù ti lọ sílé.” Mo ní, “Harúò dà?” Ó ní, “Harúò wo?” Ẹ̀yin ènìyàn, bí kì í bá ṣe ọ̀wọ̀ Ọlọ́run, ibẹ̀ ni ìtàn ì bá parí sí. Ó tú ìwé títí, ó fa ìwé pélébé kan yọ, ó kà á: “Harúò, ọmọ ìyá ẹnu ọ̀nà. Ó wọ igbó. A ó parí rẹ̀ lọ́la.” Mo ní, “Ọ̀la wo?” Ó ní, “Ọ̀la náà kò dé. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa pé, àyè inú àpótí géèmù náà sì ti tán.”

Mo ké mọ́ ọn débi pé ìwé fò lórí tábìlì. “Àyè tán! Ẹ rí àyè fún ẹyẹ tó ń sáré ìje! Ẹ rí àyè fún odò tí wọ́n ti ń pẹja nígbà tí ayé fẹ́ parẹ́! Ẹ rí àyè fún ọba burúkú láti pa ara dà lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa rojọ́ láàárín ìjà bí ẹni tó ń pín ogún! Ọmọ kan péré, kó wọlé, kó ní, ‘Ìyá, mo dé,’ ìyẹn ni ẹ kò rí àyè fún? Ẹni bá mọ̀ pé òun kò ní gbé e délé, kí ló dé tó gbé e rù?” Ọkùnrin náà kò jà. Ó yọ awò ojú, ó nù ún. Ó ní, “Òótọ́ lẹ sọ. Ní ilẹ̀ tiyín, kí lẹ ń ṣe fún ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá jò?” Mo la òfin “Ẹsẹ̀ dà” yé e. Ó ní, “Òfin tó dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìtàn yín kan tí kò jò fún mi, kí n fi kọ́gbọ́n. Lẹ́yìn náà, n ó mú gègé, n ó kọ Harúò wálé.”

Ìtàn wo ni n bá sọ bí kò ṣe èyí tí mo ti sọ fún ọdún mọ́kànlá? Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo ki ẹfọ̀n náà fún un: ẹfọ̀n, a-fìwo-bi-ìrókò-léèrè-orúkọ-baba-rẹ̀, a-mu-odò-tán-kó-bínú-sí-ẹja, akọ tó dúró tí ilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra tẹ òun. Mo ní èmi àti Akínbọ̀dé jọ tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo ní ó jáde sí wa létí Odò Ọ̀ṣẹ́pa, èéfín ń yọ nímú rẹ̀. Mo ní mo yìnbọn, ó ṣubú, mo gé ìrù, mo gbé e wálé, ìlú sì ń pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà ń ka ìka. Ó gbé ojú sókè, ó rọra sọ ọ́, kò pariwo rárá, ó ní, “Ẹsẹ̀ dà?”

Mo ní, “Ẹsẹ̀ wo?” Ó ní, “Ẹ wọ igbó ní ẹ̀yin méjì. Ẹfọ̀n jáde sí ẹ̀yin méjì. Ẹnìkan ló gé ìrù. Akínbọ̀dé dà?” Mo ní, “Ó lọ sí Kútọnu.” Ó ní, “Pẹ̀lú ẹfọ̀n níwájú rẹ̀? Ó gbé ìbọn rẹ̀ lọ?” Ìbọn Akínbọ̀dé wà lókè àjà mi, mo fi ẹní wé e. Ọkùnrin náà fi gègé lélẹ̀, ó ní, “Bàbá ọdẹ, ẹ bínú sí mi, ó sì tọ́. Àmọ́ èmi gbàgbé ni. Ẹ̀yin kò gbàgbé. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tiyín hàn, ọjọ́ náà ni n ó mú gègé yìí.” Mo fẹ́ lù ú. Ọwọ́ mi kò gbéra. Ojú mi ṣú, ìgbà tí ó là, àárín òkúta méjì ni mo wà, lẹ́yìn Òkè-Apó, oòrùn ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Ìgbà tí mo délé ni mo rántí Olójú-Iná tó dúró dè mí lẹ́yìn ọgbà. N kò béèrè agbára rẹ̀. Èmi tí mò ń jà nítorí ọmọ tí wọ́n gbàgbé, mo ti gbàgbé ẹnìkan síbẹ̀.

Bí mo ṣe sọ ọ́ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, Ìyá Akínbọ̀dé ti sún sí etí àga. Ó ní, “Ọdẹ́rìndé. Ẹsẹ̀ dà?”

Mo bọ́ fìlà. Mo ní, “Ìyá, mo fẹ́ fi hàn yín. Kò lọ sí Kútọnu. Ìbọn mi kọ̀ lọ́jọ́ náà, kò yìn. Akínbọ̀dé ló yìnbọn, tirẹ̀ ló wọ ẹfọ̀n láyà. Ẹfọ̀n kò ṣubú lójú ẹsẹ̀, ó kọjú sí wa. A sáré dé ìdí igi ọ̀mọ̀ kan. Ó ní kí n gùn ún ṣáájú nítorí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Èjìká rẹ̀ ni mo tẹ̀ gun igi náà. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ fà mí.’”

Inú ń bí mi sí ara mi ju bó ṣe bí mi sí ẹnikẹ́ni rí lọ. Mo fẹ́ kí ẹnìkan dìde kó gbá mi létí.

Ìyá náà ní, “Ìgbà mélòó ló pè ọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì, Ìyá.”

“O gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́. Ẹ̀ka igi ni mo dì mú. N kò ju ọwọ́ sílẹ̀. Ẹfọ̀n dé. Lẹ́yìn náà ni ẹfọ̀n náà rìn lọ sí etí odò, ó kú níbẹ̀, ọta Akínbọ̀dé nínú rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gé ìrù ohun tí n kò pa.”

Baba Olúọ́dẹ dìde. Arúgbó náà na ọ̀pá sókè ilẹ̀kùn mi, ó já ìrù ẹfọ̀n náà, ó gbé e wá síwájú Ìyá Akínbọ̀dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó ní, “Ti ọmọ yín ni. Ẹ forí jì wá, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó béèrè ẹsẹ̀.” Ìyá náà kò wo ìrù. Mo wọlé, mo gbé ìbọn tí mo fi ẹní wé jáde, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ìdí ìbọn náà, níbi tí Akínbọ̀dé ti fín àmì kékeré kan sí nígbà ọmọdé, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, “Ta ló gbẹ́ ilẹ̀ fún un?”

“Èmi ni, Ìyá. Àdá ni mo fi gbẹ́ ẹ, nídìí ọ̀mọ̀ náà.”

“Níbo lo kọ orí rẹ̀ sí?”

“Ilé. Mo kọ orí rẹ̀ sí ọ̀nà ilé.”

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. N kò rí omi lójú rẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́dìí, ó so ó le bí ẹni tó ń lọ sóko, ó sì wo oòrùn tó ṣì wà lókè.

Ó ní, “Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Dìde, Ọdẹ́rìndé, mú mi lọ síbẹ̀.”